Lida Sedlak, Fèrèsé Rẹ̀, àti Ìwé Òfin Tó Ní Àpò

"Ìyáàfin Sedlak, ta ló ní kí ẹ máa tajà lójú fèrèsé yìí?"

Ọ̀gbẹ́ni Haskett ló bi í bẹ́ẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹrin ọdún 1986, nígbà tí ènìyàn mọ́kànlá tò síwájú ilé Lida Sedlak ní òpópónà Elm, ní ìlú Brodek, ní Nebraska. Oníkálukú wọn ń retí kóláṣì tirẹ̀, àkàrà fúláwà róbótó tí èso sísè jókòó sí láàárín bí ojú. Òórùn bọ́tà ti gba gbogbo àdúgbò kan.

Lida kì í dáhùn ìbéèrè kíákíá. Ó kọ́kọ́ di mẹ́fà fún ẹni tó wà níwájú, ó gba owó, ó fún un ní ṣéńjì, ó nu ọwọ́ sára épírónì. Lẹ́yìn náà ló wá wo Haskett.

"Ebi ni," ó ní. "Tò sẹ́yìn Ìyáàfin Kubik, ó máa kàn ọ́."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Haskett ò rẹ́rìn-ín. Òun ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlú, òun náà sì ni alábòójútó òfin ìlú, nítorí Brodek kò tóbi tó ìlú tó lè sanwó fún ènìyàn méjì. Ìparí oṣù Kẹta ni wọ́n rán an lọ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì ní Lincoln. Ọjọ́ Ajé ló kúrò ní Brodek, ìlú àwọn ọmọlúàbí ló sì fi sílẹ̀. Ọjọ́rú tó fi padà, ó ti gba ìwé ẹ̀rí onígíláàsì, ó ti ra kámẹ́rà, ìlú náà sì ti kún fún arúfin. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ mú, pé pátákó rẹ̀ yọ jáde sójú ọ̀nà. Ó mú ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lé e, nítorí orúkọ Ẹni Mímọ́ tí wọ́n kọ sára ògiri fi ìka mẹ́rin fẹ̀ ju ohun tí òfin gbà lọ. Lida ló ṣìkẹta.

Ó ya fọ́tò fèrèsé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá na ìwé kan sí i. Ìwé náà ní láti ọdún 1958 ni ìlú ti ya òpópónà Elm sọ́tọ̀ fún ilé gbígbé nìkan, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ta ohunkóhun níbẹ̀. Kí ó ti fèrèsé náà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, tàbí kí ó wá ro ẹjọ́ rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀.

Lida ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ nígbà tí àwọn tó tò ń pọ̀ sí i. Ó tún un kà.

"Wọ́n kọ ọ́ dáadáa," ó ní, ó sì ká ìwé náà sínú àpò épírónì. "Mélòó lo fẹ́?"

"Mi ò wá rà, mà."

"Yẹ̀ lọ́nà nígbà náà, àwọn tó wá rà ń bẹ lẹ́yìn."

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Lida nígbà náà, opó Emil Sedlak. Ní Brodek, wọ́n máa ń sọ pé bí o bá bi í ní ọjọ́ Ajé bóyá òjò máa rọ̀, ó máa jáde lọ wo ojú ọ̀run, ó sì máa dá ọ lóhùn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹnikẹ́ni kò sì tíì rántí ọjọ́ tó ní láti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Kíláàsì kẹjọ ló ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, nítorí àgbàdo bàbá rẹ̀ kò mọ̀ pé ọmọ náà fẹ́ràn ìwé. Ilé ìkàwé ìlú ló ti kọ́ ìyókù fúnra rẹ̀, pẹpẹ kan tẹ̀ lé òmíràn, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tí Emil fẹ́ ẹ, ó ti kà á dé orí ìràwọ̀. Nígbà tí Emil kú, ó ti dé orí oyin. Òfin wà lójú ọ̀nà, ó sì ti kọjá rẹ̀ tipẹ́, àmọ́ ìwé kan péré ni ìlú ní lórí òfin, èyí tó ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń pín ogún. Lida kò rí ogún kankan jẹ, kò sì pẹ́ níbẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀, Bozena, ló ṣí fèrèsé náà lọ́dún 1937, nígbà tí ọ̀dá àti gbèsè gba oko lọ́wọ́ wọn tí wọ́n wá sínú ìlú. Láti ọdún 1961 ni Lida ti wà níbẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Fèrèsé náà ló ń ra epo tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná nígbà yìnyín. Bí wọ́n bá tì í, Lida ò ní lè dá gbé ilé náà mọ́, ó sì mọ ibi tó ń lọ. Ọmọ rẹ̀, Marlene, ti pa yàrá kan mọ́ fún un ní Omaha láti ọdún tí Emil kú. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló pè lórí fóònù.

"Màmá, mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Yàrá yín wà nílẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, láti ògiri dé ògiri."

"Mo ti gbọ́ nípa kápẹ́ẹ̀tì yẹn."

"Tẹlifíṣọ̀n náà wà níbẹ̀."

"Ìyẹn náà," Lida ní, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tí wọ́n ń ka ẹ̀sùn sí létí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọ ẹ̀wù tó wọ̀ lọ síbi ìsìnkú Emil, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí kóòtù àgbègbè, níbi tí ilé ìkàwé òfin wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n ní ó wà fún gbogbo ará ìlú. Òótọ́ ni. Aago mẹ́sàn-án sí aago mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣí i, ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, nígbà tí gbogbo ará ìlú wà lẹ́nu iṣẹ́.

Opal Renner ló ń bójú tó o, obìnrin tínínrín kan tó so jígí ojú mọ́ okùn lọ́rùn. Pátákó kan wà lókè orí rẹ̀: ÒṢÌṢẸ́ ILÉ ÌKÀWÉ YÌÍ KÒ GBỌDỌ̀ GBA ẸNIKẸ́NI NÍMỌ̀RÀN LÓRÍ ÒFIN. Kí Lida tó la ẹnu, Opal ti nawọ́ sí pátákó náà.

"Mo ti kà á," Lida ní. "Ẹ káàárọ̀ o."

"Ẹ káàárọ̀, mà. Mo lè sọ ibi tí ìwé wà fún yín. Mi ò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n kà."

"Kò sí wàhálà nígbà náà," Opal ní, ó sì padà sídìí òdòdó tó ń bomi rin.

Títí di ọjọ́ náà, Lida rò pé ọ̀kan ṣoṣo ni òfin, bíi oòrùn. Àwọn baba wa ní ibi tí kò bá sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ibi tí Lida wọ̀ yìí, òfin pọ̀ débi pé ẹ̀ṣẹ̀ gan-an kò ríbi fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Èyí tó ga jù lọ, òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè tí gbogbo ìyókù ń wárí fún, àwọn onírun àtọwọ́dá ló kọ ọ́ ní igba ọdún sẹ́yìn. Wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú férémù ní orí àtẹ̀gùn kóòtù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo tí wọ́n fi ń pa iná, agolo náà ni wọ́n sì máa ń nù. Òfin tí àwọn aṣòfin ní Washington ṣe tẹ̀ lé e. Ti àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wà lábẹ́ ìyẹn, nínú ìwé pupa onílẹ́tà wúrà. Ìlànà àwọn iléeṣẹ́ ìjọba wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí tí ẹnikẹ́ni kò dìbò fún. Inú fáìlì onírin ni wọ́n ń kó ìwọ̀nyẹn sí, kó lè rọrùn láti yọ ojú ewé tí o kà lánàá kúrò kí o tó dé lónìí. Òfin ìlú wà nínú dúrọ́ọ̀ Haskett. Ìdájọ́ àwọn adájọ́ ló wá gba odindi ògiri mẹ́ta, nítorí gbogbo ìgbà tí àwọn tó kù bá ti sọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn á sáré lọ bi adájọ́ pé kí ni wọ́n wí.

Gbogbo wọn ló ní nǹkan sọ nípa kóláṣì. Ọ̀kan sọ bí abọ́ ìfọwọ́ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó nínú ilé ìdáná. Òmíràn sọ bí lẹ́tà ara páálí ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Òmíràn sọ òpópónà tí a ti lè tà á àti èyí tí a ò ti lè tà á. Lida wá a títí, kò rí ẹyọ kan nínú wọn tó mọ bí a ṣe ń po fúláwà.

Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kà á, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti lọ́jọ́bọ̀, ó ń fi rúlà tẹ̀ lé ìlà. Nínú ìdìpọ̀ kẹrìnlá àwọn ìwé pupa, ó rí ohun tó ń wá: òfin ìpínlẹ̀ kan tó sọ pé ẹni tó bá ń dín tàbí tó ń yan nǹkan nínú ilé ìdáná ara rẹ̀, tó sì ń tà á lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀ fún ẹni tó máa jẹ ẹ́, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù, ìlú kankan kò sì gbọdọ̀ pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Òfin ìpínlẹ̀ sì wà lókè òfin ìlú. Lida dà á kọ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ó kọ́ ọ sórí, bí ó ṣe ń kọ́ Sáàmù nígbà èwe.

Ìdìpọ̀ náà ní àpò kékeré kan lára èèpo ẹ̀yìn, ìwé pẹlẹbẹ kan sì wà nínú rẹ̀. Lida rí i dáadáa. Àmọ́ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń yá ìwé, ó sì mọ ohun tí àpò ẹ̀yìn ìwé wà fún: ibẹ̀ ni káàdì olùtọ́jú ìwé ń gbé, èyí tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ ọjọ́ ìdápadà mọ́. Kì í ṣe ti òǹkàwé. Ìgbà kan ṣoṣo ló fọwọ́ kàn án lọ́mọdé, Mísì Tichy tó ń tọ́jú ìwé sì fi rúlà gbá a lọ́wọ́. Ọmọlúàbí kì í tọwọ́ bọ àpò tí kì í ṣe tirẹ̀. Nítorí náà, ó ka ìwé náà tán, ó pa á dé, kò fọwọ́ kan àpò.

Opal rí i. Opal la ẹnu. Ó wo pátákó tó wà lókè orí rẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó sì bomi rin òdòdó tó ti bomi rin lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ náà.

Yàrá tó wà lókè ibi tí ọkọ̀ panápaná ń gbé ni ìgbìmọ̀ tó máa gbọ́ ẹjọ́ Lida ti jókòó, àwọn márùn-ún. Dókítà Kubik, oníṣègùn eyín, ni alága. Lọ́yà ìlú, Wendell Crane, jókòó lápá ọ̀tún pẹ̀lú táì labalábá rẹ̀, Haskett sì gbé fọ́tò méjèèjì sórí pátákó bíi pé òkú ènìyàn ló wà nínú wọn.

Lida dìde. Kò wo ìwé. Ó ka òfin náà jáde látorí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó parí, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún ti ń mi orí pé òótọ́ ni.

"Ìyáàfin Sedlak, ó dùn mọ́ mi nínú," Crane ní. "Àwa lọ́yà ò lè kà á báyẹn. Ìdìpọ̀ kẹrìnlá ni, àbí?"

"Òun ni."

"Èmi náà yá a wá." Ó gbé e sórí tábìlì. Ó ṣí i látẹ̀yìn, ó ki ìka méjì bọ àpò, ó sì fa ìwé pẹlẹbẹ náà yọ. "Ọdún 1974 lẹ kà fún wa, mà. A ti wà ní 1986. Àwọn aṣòfin yí i padà lọ́dún 1983. Inú ọjà àárín ìlú àti ibi ayẹyẹ oko nìkan ni wọ́n ti lè tà á báyìí. Ẹnu ọ̀nà ilé ti kúrò ńbẹ̀."

Lida wo ìwé pẹlẹbẹ náà. "Káàdì ni mo pè é."

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ wí?"

"Mo ní káàdì ìyáwèé ni mo pè é."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹ̀rín náà sì ràn dé iwájú. Wọ́n wá ṣàlàyé fún un, bí a ṣe ń ṣàlàyé fún ọmọdé, pé ìwé òfin wọ́n, kò ṣeé tẹ̀ lọ́dọọdún. Nítorí náà, bí òfin bá yí padà, wọ́n á tẹ ìyípadà náà sínú ìwé pẹlẹbẹ, wọ́n á sì kì í bọ àpò ẹ̀yìn. Gbogbo ẹni tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ òfin ló mọ̀. Ohun tó ti kú ni wọ́n ń fi awọ dì, tí wọ́n ń fi wúrà kọ orúkọ sí lẹ́yìn. Èyí tó wà láàyè, inú àpò ni wọ́n ń tì í sí, kò sì sí àmì kankan lára ojú ewé tó máa sọ fún òǹkàwé pé òkú ló ń bá sọ̀rọ̀.

Dókítà Kubik ní kí wọ́n sún ìpinnu síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì. Kì í ṣe àánú ló ṣe é. Aago méje ni ọmọ rẹ̀ máa gbá bọ́ọ̀lù, ó sì ti kù díẹ̀ kí aago méje lù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Lida gun àtẹ̀gùn kóòtù láìkánjú, ó sì dúró síwájú tábìlì Opal.

"O rí mi," ó ní. Kò lo ẹ̀yin mọ́.

Opal bọ́ jígí. "Mo rí yín."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko."

"Ọjọ́ mẹ́fà ni. Ọjọ́ méjì péré la ń ṣí lọ́sẹ̀."

"Gbólóhùn kan péré, Opal. 'Wo ẹ̀yìn.' Kò tó ìyẹn?"

"Ìmọ̀ràn nìyẹn, mà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti jókòó sábẹ́ pátákó yìí. Ẹni tó wà níbí ṣáájú mi sọ 'wo ẹ̀yìn' fún àgbẹ̀ kan, àgbẹ̀ náà wo ẹ̀yìn, ó ṣi ohun tó rí kà, ó pàdánù oko, ó sì pe àgbègbè lẹ́jọ́. Ẹni yẹn ń ta bàtà ní Grand Island báyìí."

"Bàtà ò burú."

"Kò burú," Opal ní. "Ẹsẹ̀ ń rùn ni."

Lida ò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó jókòó. Ó ronú fún ìgbà pípẹ́. Ìbéèrè tó ṣeé bi obìnrin yìí ló ń wá, èyí tí pátákó kò lè dí mọ́ ọn lẹ́nu. "Tí ènìyàn bá ní nǹkan kan," ó ní nígbà tó yá, "tó jẹ́ pé nǹkan náà ti wà nílẹ̀ kí òfin tó dé bá a, apá ògiri wo lẹni yẹn máa dojú kọ?"

Opal wo pátákó. Ó dìde, ó lọ sídìí ògiri ìlà oòrùn, ibi tí ìdájọ́ àwọn adájọ́ wà, ó fa ìdìpọ̀ kan yọ, ó sì gbé e síwájú Lida. Bébà kékeré kan yọ orí láàárín rẹ̀.

"Mo fẹ́ dá ìwé yìí padà sáyè rẹ̀ ni," ó ní, "àmọ́ mo ní láti bomi rin òdòdó. Ẹ bá mi mú un dání fún bíi wákàtí kan."

Ibi tí bébà yẹn wà, ẹjọ́ alágbẹ̀dẹ kan ló wà níbẹ̀. Àgbẹ̀dẹ rẹ̀ ti wà kí ìlú rẹ̀ tó sọ pé òpópónà náà ti di ti ilé gbígbé. Ìlú ní kó kó ewìrì rẹ̀ kúrò. Adájọ́ ní rárá: iṣẹ́ tó bófin mu tó ti wà kí òfin irú bẹ́ẹ̀ tó dé, ohun ìní ẹni tó ń ṣe é ni. Ìwé ńlá tó wà nínú férémù lórí àtẹ̀gùn sì sọ pé a kò gbọdọ̀ gba ohun ìní ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀ láìtọ́. Iṣẹ́ náà lè máa lọ, bí kò bá ṣáà ti dá dúró fún odindi ọdún kan. Lida ka gbólóhùn ìkẹyìn yìí lẹ́ẹ̀mẹrin. Kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ó yí ìwé náà padà, ó sì wo ẹ̀yìn. Kò sí àpò kankan. Ó gbọ̀n ọ́n wò síbẹ̀.

Ẹ̀rí ló kù. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé fèrèsé náà kò dá dúró rí, àmọ́ ìmọ̀ gbogbo ìlú kì í ṣe ẹ̀rí. Bébà ni ẹ̀rí. Lida kò kọ nǹkan sílẹ̀ rí, nítorí ẹnu ọ̀nà ìdáná ló ti ń tajà, kò sí ní báǹkì. Ọjọ́ márùn-ún ló fi rò ó. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ló wọ ọ́fíìsì Haskett.

"Mo fẹ́ ka àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú," ó ní. "Láti 1958 títí di ìsinsìnyí."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Òfin ìpínlẹ̀ ní ti gbogbo ará ìlú ni. Mo wo àpò ẹ̀yìn. Wọn ò tíì yí i padà."

Haskett ní kó kọ fọ́ọ̀mù. Ó kọ ọ́. Ó ní kó kọ ẹ̀dà kejì. Ó kọ ọ́. Ó wá gbé páálí mẹ́fà jáde láti inú àjà ilẹ̀, Lida sì jókòó tì wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń fi rúlà tẹ̀ lé ìlà, Haskett sì ń wò ó láti ẹ̀yìn tábìlì rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń ka lẹ́tà ìfẹ́ rẹ̀ níṣojú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí: òfin pàṣẹ pé kọ́bọ̀ kan ìlú kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé akọ̀wé kọ ohun tí wọ́n fi ṣe sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú Brodek kò sì lè jíròrò ọ̀rọ̀ gọ́tà láìjẹun.

Nígbà ìpàdé kejì, ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́. Lida ka ẹjọ́ alágbẹ̀dẹ náà. Crane ní òun mọ̀ ọ́n, òfin tó dára ni, àmọ́ níbo ni ẹ̀rí wà pé fèrèsé náà ti wà ṣáájú 1958, tí kò sì dá dúró láti ìgbà náà?

Lida fa bébà àkọ́kọ́ yọ, ẹ̀dà tí ìlú fi òǹtẹ̀ lù. Ó kà á bí ó ṣe ń ka ohun gbogbo, láìgbé ohùn sókè: "'Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà, ọdún 1958. Lẹ́yìn ìsinmi ráńpẹ́, nínú èyí tí a jẹ kóláṣì mẹ́rìnlélógún tí a rà lójú fèrèsé Ìyáàfin Bozena Sedlak, a dìbò, a sì fi ẹnu kò pé láti òní lọ kò gbọdọ̀ sí ọjà títà ní òpópónà Elm.'"

Dókítà Kubik bo ẹnu.

"Ó kù," Lida ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún, lọ́dọọdún. Mo ní méjìléláàádọ́fà. Ṣé kí n kà wọ́n?"

"Kò pọn dandan," Crane ní.

"Mo wá láti kà wọ́n." Ó sì kà wọ́n. Ó gbà á ní ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tó dé ti ìkẹyìn, ó dúró díẹ̀. "'Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta, ọdún 1986. Kóláṣì mẹ́rìnlélógún, fèrèsé Sedlak. Akọ̀wé tó fọwọ́ sí i: G. Haskett.'"

Gbogbo ojú yí sí Haskett.

"Mi ò tíì lọ Lincoln nígbà yẹn," Haskett ní.

Àwọn mẹ́rin dìbò fún Lida, ọ̀kan kọ̀. Ẹni tó kọ̀ yẹn kì í jẹ èso sísè. Ìdájọ́ náà dé ilé Lida ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ojú ewé méjì, inú rere ìjọba sì kún inú rẹ̀. Fèrèsé lè máa ṣí. Kò gbọdọ̀ fẹ̀ sí i, ì báà ṣe ìka kan. Ọjà náà kò gbọdọ̀ kúrò lójú fèrèsé yẹn lọ síbòmíràn. Bí ilé bá jóná ju ìdajì lọ, ẹ̀tọ́ náà bá a jó. Bí oníṣẹ́ bá sì sinmi fún oṣù méjìlá tẹ̀ léra, ó parí. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ti jà fún ẹ̀tọ́ láti máa jí ní aago mẹ́ta òru títí tó fi máa kú, ó sì ti borí. Marlene pè láti Omaha, ó ní inú òun dùn. Ó ní òun á fi ẹ̀rọ rírán aṣọ sínú yàrá náà.

Lọ́jọ́bọ̀, Lida gbé àwo kóláṣì méjìlá lọ sí òkè kóòtù, ó fi aṣọ funfun bò ó. Ó gbé e síwájú Opal.

"Ọ̀dọ̀ ẹni tó bá ẹ mú ìwé dání ló ti wá," ó ní.

Opal ṣí aṣọ náà díẹ̀. Ó fi imú gbà á. Ó tún un bò.

"Mi ò lè gbà á, mà. Àgbègbè ní òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó ń lo ọ́fíìsì rẹ̀. Ìlànà kọkàndínlógún."

"Rà á nígbà náà."

"Ṣé ẹ lè tà á níbí?"

Lida ronú. "Rárá. Ojú fèrèsé nìkan ni."

"Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo máa ń wà lọ́jọ́ Sátidé. Ọgọ́ta máìlì." Opal fi ìka tẹ etí àwo náà. "Ẹni tó ń lo ọ́fíìsì ni ìlànà sọ o. Ẹni tí kò bá wá síbí mọ́, ọ̀rẹ́ lásán ni. Tí ẹ bá ti parí pẹ̀lú wa, mo lè gbà á. Ṣé ẹ ti parí?"

Lida wo ògiri mẹ́ta náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ló ti bẹ̀rẹ̀ ìdìpọ̀ kìíní, láti ọwọ́ òsì. Ó dúró síbẹ̀ títí omi tí Opal dà sí òdòdó fi jò sórí tábìlì.

"Mi ò tíì parí," ó ní.

Ó gbé àwo rẹ̀ lọ sílé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó padà wá pẹ̀lú rúlà rẹ̀, Opal sì sọ ibi tí ìdìpọ̀ kejì wà fún un. Gbèsè kóláṣì méjìlá wà lọ́rùn Lida Sedlak títí di òní, ó mọ iye rẹ̀, kò sì tíì san án.